Bàtà Ọdẹ

Ẹ̀yin ọmọ, bí a bá dúró ní Command lónìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ ni ojú wa yóò rí. Láyé àtijọ́, oko àti igbó ni ó pọ̀ ní agbègbè yìí. Ní ìsinsìnyí, ọdẹ tí ó bá fẹ́ pa ẹran ńlá gbọ́dọ̀ rìn jìnnà kí ó tó dé inú igbó.

Bí a bá béèrè ohun tí ọdẹ nílò, ẹ ó dáhùn kíákíá pé ìbọn, àdá, àpò àti fìtílà ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ohun náà ni bàtà.

Ọdẹ lè rìn láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí. Ẹ̀gún, kùkùté, òkúta àti ejò wà lọ́nà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ejò sábà máa ń bù jẹ, nítorí pé ilẹ̀ ni ó ń gbà rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn tí oró ejò ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo àgbáyé tó 81,000 sí 138,000. Bákan náà, efọ̀n tí ọta bà tí kò kú lè yí padà kọlu ọdẹ. Bí bàtà bá ti bó ọdẹ lẹ́sẹ̀, báwo ni yóò ṣe sá?

Báwo ni a ṣe ń yan bàtà ọdẹ tí ó dára?

1. Kí ó gùn bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì sún mọ́ orúnkún. Èyí máa ń dín ewu ejò kù, bí kò tilẹ̀ lè mú un kúrò pátápátá.

2. Kí ó bá ẹsẹ̀ mu. Ìrọ̀lẹ́ ni ó dára láti ra bàtà, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Kí ọdẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ó tó dán an wò. Kí ààyè díẹ̀ wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má sì máa yọ sókè. Bàtà tí ó fún tàbí tí ó tóbi jù yóò mú kí ẹsẹ̀ léròrò.

3. Kí ilà abẹ́ rẹ̀ jìn, kí ó má baà yọ̀ nínú ẹrẹ̀.

4. Kí ó má máa dún. Ẹran tí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kò ní dúró.

Bàtà rọ́bà kì í jẹ́ kí omi wọlé, nítorí náà ó dára ní ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí òógùn jáde. Bàtà awọ máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan ẹsẹ̀, ó sì dára ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ọdẹ kọ́kọ́ wọ bàtà tuntun rìn káàkiri ilé fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó wọ̀ ọ́ lọ sí igbó.

Bí ó bá dé láti oko ọdẹ, kí ó fọ ẹrẹ̀ ara bàtà náà, kí ó sì sá a sí ibòji. Iná máa ń mú kí awọ sán. Kí ó sì gbọn bàtà náà dáadáa kí ó tó tún wọ̀ ọ́, nítorí pé àkeekèé tàbí ejò lè ti sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Kì í ṣe ọdẹ nìkan ni ó nílò irú bàtà yìí. Láti ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ igbó Ọ̀yọ́-Ilé di ọgbà ìtọ́jú ẹranko. Ọdẹ kò gbọdọ̀ pa ẹran níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ọgbà náà ń rìn nínú igbó pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní, "Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀." Ẹni tí ó bá tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ náà padà délé.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ejò fi sábà máa ń bu ènìyàn jẹ lẹ́sẹ̀?
2. Ìgbà wo nínú ọjọ́ ni ó dára láti ra bàtà? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Sọ ìyàtọ̀ méjì láàrin bàtà rọ́bà àti bàtà awọ.
4. Kí ni ọdẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà?