Etí Òkun Wo Ni Ó Yẹ Kí Ènìyàn Lọ?

Bí ọjọ́ ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan a máa jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkòkòmáìkò: etí òkun wo ni a ó lọ? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, a máa bèèrè rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ọjà Alábà náà a sì máa bèèrè rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò kò ju mẹ́ta lọ: ibi tí ó sún mọ́ni, ibi tí owó rẹ̀ kò wọ́n, àti ibi tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣíwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: irú omi wo ni ó wà níbẹ̀?

Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo omi. Òkun yàtọ̀ sí ọ̀sà. Olókun ni ó ni ọ̀kan, Ọlọ́sà ni ó ni èkejì. Omi tí ó wà ní gúúsù ìlú Ọ̀jọ́, tí àwọn apẹja ń da àwọ̀n sí, ọ̀sà ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, ẹ̀yìn ilẹ̀ náà ni òkun Àtìláńtíìkì wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Ìlàṣẹ, tí ó wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, ní láti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ sọdá ọ̀sà. Ewu ti wà lọ́nà kí a tó dé etí òkun. Ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí tí kò ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kì í ṣe ọkọ̀ tí ó yẹ kí a wọ̀. Kò sì dára kí ilẹ̀ ṣú kí a tó máa padà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan omi lè ronú Tarkwa Bay, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń gbé ènìyàn débẹ̀. Omi ibẹ̀ rọ̀ ju ti ìyókù lọ, ó sì ní ìdí. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta bí ògiri sí ẹnu èbúté Èkó, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀ òkun. Ògiri yìí ni ó ń gba ìgbì dúró fún Tarkwa Bay. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó pa Bar Beach lára. Ìgbì a máa ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri dá iyanrìn dúró, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Victoria Island. Ní ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sínú òkun níbẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic. Bar Beach tí gbogbo ayé mọ̀ kò sí mọ́. Òkìkí nìkan kò tó gbé ènìyàn lọ sí etí òkun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìtàn, kí ó gba títì lọ sí Àgbádárìgì, kí ó sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Ọ̀nà yìí ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun, tí wọn kò sì padà mọ́. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ariwo àti ijó.

Níbikíbi tí a bá lọ, ó yẹ kí a mọ ìwà òkun. Omi tí ìgbì gbé gun iyanrìn gbọ́dọ̀ padà. Ó sábà máa ń wá kòtò tóóró kan gbà, a sì máa ṣàn padà pẹ̀lú agbára. Ìgbì kì í fọ́ púpọ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ a sì dà bí ibi tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun tí ó ń tan àlejò jẹ nìyẹn. Ẹni tí omi yìí bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, títí omi yóò fi tú u sílẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bẹ́ sínú omi láti lọ gbà á là bí kò bá mọ iṣẹ́ náà. Kí ó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i, kí ó sì ké sí àwọn apẹja.

Ìgbà òjò ni ìgbì máa ń le jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etí òkun Kuramo, ó sì gbé ènìyàn lọ. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ní ọjọ́ tí ó bá ń hó, kí á jókòó sórí iyanrìn kí á jẹ àgbọn wa. Etí òkun tí ó dára jù ni èyí tí iye ẹni tí ó lọ yóò ti padà wálé.