Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ìtàn Lómé Tó Wà ní Itẹ́ Òkú Agoué

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Lómé dájú, kí ó gba ọ̀nà etíkun lọ síhà ìlà oòrùn, kí ó kọjá Aného àti ẹnubodè Hilacondji, títí yóò fi dé Agoué ní ilẹ̀ Benin, níbi tí a sin Sylvanus Olympio sí, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Tógò, tí ó ṣíwájú àwọn ará Tógò dé òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963 ni àwọn ológun pa á ní Lómé, níwájú ọgbà ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà: erin wó, àjànàkú sùn bí òkè.

Ọ̀ràn Agoué kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wá tẹ̀dó síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Potogí tí wọ́n mú ti Brazil bọ̀, tó wà lára òkúta ibojì wọn, ṣì yín lọ́nà. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá gbọ́ fún àwọn ọmọ yín.