Ìtọ́jú Ọmọ Tí Ibà Fa Gìrì Fún

Ìwádìí kan tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2010 kan gbogbo òbí tí ń bẹ ní Osi, ní Iloffa àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, nítorí pé ní Ìlọrin ni a ti ṣe apá kan nínú rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Áfíríkà tọ́jú ọmọdé 5,425 tí ibà líle dá wó. Wọ́n fún ìdajì ní abẹ́rẹ́ kuníìnì tí a ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fún ìdajì kejì ní artesunate, oògùn tí a ṣe láti ara ewéko kan ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ọmọ 297 ni ó kú nínú àwọn tí ó gba kuníìnì; 230 ni ó kú nínú àwọn tí ó gba artesunate. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé artesunate ni kí a fi rọ́pò kuníìnì fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Artesunate a máa pa kòkòrò ibà nígbà tí ó ṣì kéré, kí ó tó lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ. Kuníìnì kò lè bá a ní kékeré bẹ́ẹ̀, ó sì lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù. Ibí yìí gan-an ni àgbo ìtọ̀ màálù ti ń ṣe ibi, nítorí pé òun náà a máa fa ṣúgà wálẹ̀, ọmọ tí ìbá jí a sì sùn lọ. Ti ẹsẹ̀ tí àwọn kan ń tì bọ iná kí ọmọ lè ké, egbò nìkan ni ó ń fi sílẹ̀. Bí gìrì bá gbé ọmọ, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a má ṣe rọ ohunkóhun sí i lọ́fun, kí a sì wá ọkọ̀ kíákíá.

Fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́fà, tí ọsibítù jìnnà sí, artesunate kan wà tí a ń kì bọ ihò ìdí kí a tó gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a ṣe láàrin ọdún 2018 sí 2020 ní Adamawa, ní Yùgáńdà àti ní Kóńgò fi hàn pé oògùn yìí kò dín ikú kù níbi tí ìtọ́jú tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e kò bá pé. Ọmọ a lajú, a béèrè ẹ̀kọ, bàbá a sì ní kí wọ́n má wulẹ̀ náwó ọkọ̀ mọ́; bẹ́ẹ̀ kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọsibítù, wọn yóò gún un ní abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí méjìlá, àti lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún. Nígbà tí ó bá lè gbé oògùn mì, oògùn oníhóró ọjọ́ mẹ́ta wà tí yóò lò tán, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá.