Nígbà Tí Èrò Bá Pọ̀ Jù Lójú Ọ̀run

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni, àmọ́ lójú ọ̀run, ọ̀rọ̀ ò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀.

Gálásì ni àkójọ ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ pẹ̀lú gáàsì. Tiwa, Milky Way, wà níbi tí èrò ò ti pọ̀, ó sì ṣì ń bí ìràwọ̀ tuntun. Àwọn mìíràn ń gbé nínú agbo tó há gádígádí. Virgo ni agbo ńlá tó sún mọ́ wa jù. Gálásì inú rẹ̀ lé ní 1,000, ìmọ́lẹ̀ wọn sì ń rin nǹkan bí mílíọ̀nù 54 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní 1980, Alan Dressler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàyẹ̀wò irú agbo bẹ́ẹ̀ 55. Ó rí i pé ibi tí èrò bá ti pọ̀, gálásì tó ní apá bíi tiwa máa ń ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó rí bí ẹyin, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bí ìràwọ̀ mọ́, ló máa ń pọ̀ níbẹ̀.

Kí ló fà á? Àkọ́kọ́, gáàsì gbígbóná ló kún inú agbo. Ẹ wo ẹni tó gun achaba, ọ̀kadà tiwa nìyẹn, ní Mabera níbí. Atẹ́gùn lè má fẹ́ rárá, síbẹ̀ eré tó ń sá á ṣí fìlà lórí ẹ̀. Báyìí náà ni gálásì tó ń sáré ju 1,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe ń pàdánù gáàsì rẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí NGC 4522 nínú Virgo: ìràwọ̀ rẹ̀ dúró, gáàsì rẹ̀ ń ṣí lọ. Gáàsì yìí ló ń di ìràwọ̀. Bó bá tán, ọmọ bíbí parí nìyẹn.

Ìkejì, wọ́n ń fa ara wọn ya, ńlá sì ń gbé kékeré mì. M87 tó wà láàrin Virgo ti gbé púpọ̀ mì. Inú ẹ̀ ni ihò dúdú tí aráyé kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀ ní 2019 wà.

Kì í ṣe èrò nìkan o. Bí gálásì ṣe tóbi tó náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn gálásì kan gbọ́dọ̀ béèrè àdúgbò rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún, nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, Virgo máa ń wà lókè orí wa gan-an ní Sókótó. Ojú lásán ò lè rí i, àmọ́ ẹ gbójú sókè: ibẹ̀ ló wà.