Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Ní Fukushima

Àwọn àgbà a máa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Bí a bá fi ojú òwe yìí wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima, ní ilẹ̀ Jàpáánì, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 2011, a ó rí i pé ìró ogun dún, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí ó ké sí ará ìlú ni ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ náà, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá mi ilẹ̀ tìtì. Àwọn ààrò átọ́míìkì mẹ́ta tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kú fúnra wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ààrò átọ́míìkì kì í ṣe ààrò igi tí a lè yọ iná rẹ̀ kí ó sì tutù. Bí a tilẹ̀ pa á, ooru inú rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. A gbọ́dọ̀ máa fa omi sí i tọ̀sán tòru. Nígbà tí iná mànàmáná ìlú ti já, ẹ̀rọ amúnáwá ni ó kù tí a gbójú lé. Kò tó wákàtí kan tí ìgbì òkun tí wọ́n ń pè ní tsunami fi dé, ó ga tó mítà 14, ó sì bo àwọn ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ́ bí òrí, ìtànṣán olóró sì tú jáde. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 150,000 ni ó fi ilé, oko àti ibojì àwọn baba wọn sílẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn kan ní òkun ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbì tí kò ga ju mítà 5.7 lọ ni wọ́n fi ṣètò ààbò ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 2008, ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ TEPCO, tí ó ni ibẹ̀, ṣe fi hàn pé ìgbì lè ga tó mítà 15.7. Wọ́n ní kí a tún lọ wádìí sí i. Odi kò ga sí i.

Níbo ni alábòójútó wà? Àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò ààbò nígbà náà wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba fún ọrọ̀-ajé àti òwò, iléeṣẹ́ kan náà tí ń polówó agbára átọ́míìkì fún ará ìlú. Ẹni tí ń ta ọjà ni ó tún ń di òṣùwọ̀n mú. Ní ọdún 2012, ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Ilé Aṣòfin Jàpáánì gbé kalẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kiyoshi Kurokawa ṣe alága rẹ̀, sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀ pé àfọwọ́fà ènìyàn ni jàǹbá náà, àti pé ìjọba, alábòójútó àti TEPCO ti jùmọ̀ di ọ̀kan.

Òótọ́ ni pé ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà dájọ́ pé ìjọba kò ní san owó gbà-má-bínú, nítorí pé bí ó bá tilẹ̀ pàṣẹ kí a mọ odi, ìgbì náà ìbá ṣì bò ó. A kò bá ilé-ẹjọ́ jiyàn lórí òfin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Onagawa, tí ó súnmọ́ orísun ìsẹ̀lẹ̀ náà ju Fukushima lọ. Orí ilẹ̀ tí ó ga tó mítà 14 ni àwọn tí ó kọ́ ọ gbé e kà. Ó dúró, àwọn ará àdúgbò tí òkun gba ilé wọn sì sá wá sínú ọgbà rẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe asán.

Jàpáánì kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, wọ́n yọ àyẹ̀wò kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ òwò, wọ́n dá àjọ tuntun tí ó dá dúró sílẹ̀. Ní ọdún 2024, àjọ yìí kọ̀ fún ààrò kejì ti Tsuruga láti tún ṣiṣẹ́, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lanu. Irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí lábẹ́ òfin tuntun náà. Alábòójútó tí kò lè sọ pé “rárá”, orúkọ lásán ni ó ń jẹ́.

Síbẹ̀, ohun kan kù. Àyẹ̀wò àjọ náà mọ sí inú ọgbà. Ọ̀nà tí ará ìlú yóò gbà sá àsálà kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 900,000 ni ń gbé láàrin kìlómítà 30 sí ààrò Tokai. Nítòsí ibẹ̀ ni jàǹbá átọ́míìkì ti pa òṣìṣẹ́ méjì ní ọdún 1999. Àwọn ará àdúgbò gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ ìlú Mito, ilé-ẹjọ́ náà sì pàṣẹ ní ọdún 2021 pé kí ààrò náà má ṣe ṣiṣẹ́, nítorí pé ètò àsálà kò tó.

Àwọn kan yóò wí pé epo rọ̀bì kò sí ní Jàpáánì tó bẹ́ẹ̀, iná sì gbọ́dọ̀ tàn. A gbà. Ẹni tí ó bẹ̀rù kò ní kí iná kú; ohun tí ó ń béèrè ni pé bí ewu bá dé, ọ̀nà wo ni ìyá arúgbó òun yóò gbà jáde? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Níbikíbi tí a bá fẹ́ gbé irú ààrò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láyé, kí alábòójútó má ṣe jẹun nínú abọ́ ẹni tí ó ń bójú tó, kí a sì dá ará ìlú lóhùn kí a tó dá iná.