Linux Kékeré: Ohun Tí A Lè Gé Kúrò, Ohun Tí A Kò Gbọdọ̀ Gé

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa ní ẹ̀ka yìí. Èyí tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, RAM rẹ̀ kò ju 2 GB lọ, bátìrì rẹ̀ sì ti kú pátápátá. Ní Ṣógúnlé níbi tí mo ń gbé, bí wọ́n bá mú iná lọ, lójú ẹsẹ̀ ni òun náà máa ń kú. Windows 10 ni wọ́n fi sí i kí n tó rà á, àtìlẹ́yìn ìyẹn sì dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025. Ọ̀pọ̀ máa ní kí n jù ú sílẹ̀. Èmi ò gbà, nítorí iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe kò wúwo: kí n fi Praat wo ohùn, kí n sì kọ Yorùbá sílẹ̀ pẹ̀lú àmì.

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń ṣe Linux tó fúyẹ́. Damn Small Linux fi 50 MB ṣe òdiwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí i dìde ní 2024, 700 MB ni wọ́n sọ òdiwọ̀n náà dà, ìyẹn ìwọ̀n CD kan. Ẹ ò rí i pé "kékeré" pàápàá máa ń sanra! Robert Shingledecker, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, yà lọ dá Tiny Core sílẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jáde ní 2009. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Core kò ju nǹkan bí 17 MB lọ. Fọ́tò márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí fóònù yín lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Apá kan àṣírí rẹ̀ ni BusyBox, fáìlì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ àṣẹ. Ls, cp, grep, òun náà ni gbogbo wọn. Orúkọ tí ẹ bá fi pè é ló ń pinnu iṣẹ́ tó máa jẹ́.

Apá kejì ló dùn mọ́ mi jù, nítorí mọfọ́lọ́jì ni. Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ fi kún Core, àfikún kan ni, tí orúkọ fáìlì rẹ̀ parí sí .tcz. Fáìlì .dep ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ àfikún mìíràn tó gbára lé, bí mọ́fíìmù afarahẹ tí kò lè dá dúró. Onboot.lst sì ni àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ fẹ́ kó wọlé tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Nígbà tí "oní" pàdé "ọmọ", ọlọ́mọ ló jáde, ẹ ò sì lè fọwọ́ yọ "oní" kúrò mọ́. Nínú Tiny Core, kò sí ìpajẹ, kò sí àrànmọ́. Àfikún wà lọ́tọ̀, kíkà nìkan ni ẹ̀rọ lè kà á, kò lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú onboot.lst, kò ní wọlé mọ́, ìpìlẹ̀ ò sì ní mọ̀ pé ó wá rí.

Ìdí nìyí tí iná tó ń lọ lójijì kì í fi í ba ètò náà jẹ́ bọ̀rọ̀: inú RAM ló ń gbé. Àmọ́ iṣẹ́ yín náà wà nínú RAM, á sì bá iná lọ àyàfi tí ẹ bá ti fi filetool.sh -b tọ́jú rẹ̀. Èmi kọ home=sda1 sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, kí fódà mi lè máa gbé orí dísìkì tààrà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ gígé. Èdè wà lára ohun tí àwọn tó ń dín Linux kù kọ́kọ́ máa ń gé, ti àwọn ẹlòmíì ni wọ́n sì máa ń gé, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Debian ní ètò kan, localepurge, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó pa fáìlì èdè tí ẹ kò yàn rẹ́. Tiny Core kò fi ìkankan sí ìpìlẹ̀ rárá. Nítorí náà, fáìlì tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní "ohùn_ọ̀rẹ́" lè di kìkì àmì ìbéèrè lójú yín. Ìwòsàn rẹ̀ wà: ẹ fi getlocale.tcz sí i, ẹ yan yo_NG, torí glibc ti ní Yorùbá nínú. Fún àtẹ bọ́tìnnì, Xorg ni mo fi rọ́pò X kékeré tó bá a wá, mo wá tẹ setxkbmap ng -variant yoruba. Fọ́ńtì náà ṣe pàtàkì, nítorí Unicode ní ẹ, ó ní ọ, ó ní ṣ, àmọ́ kò ní ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ gun orí ẹ, fọ́ńtì tí kò bá sì mọ ọ̀nà á gbé e sí ẹ̀gbẹ́. DejaVu mọ ọ̀nà, kò sì wúwo. Mo gbà kí wọ́n gé ìwé ìlànà, mo gbà kí wọ́n gé àwòrán. Èyí ni mi ò gbà.

Kékeré kò túmọ̀ sí ògbólógbòó o. Àṣẹ tce-update ń fi fáìlì .md5.txt ti àfikún kọ̀ọ̀kan wé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó yàtọ̀ nìkan ló ń gbà wálé, dátà ò sì ní jó dànù. Tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tan ni tuntun máa wọlé. Ti ìpìlẹ̀, fáìlì méjì péré lẹ máa pààrọ̀, vmlinuz àti core.gz. Ẹ fi ti àtijọ́ pamọ́ ná. Tí ẹ̀dà ńlá bá yí padà, ẹ máa tún àfikún gbà látòkè délẹ̀, ìyẹn sì ń dun àpò. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yẹn lè wo Alpine tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Fáìlì /etc/apk/world rẹ̀ ń kọ kìkì ohun tí ẹ fẹnu ara yín béèrè. Ẹ yọ ọ̀kan, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e wá nítorí rẹ̀ nìkan á bá a lọ.

Brawúsà ló ń kó ìrònú bá mi. Òun nìkan ju gbogbo Core lọ ní ìlọ́po, òun sì ni a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbó, torí ibẹ̀ ni olè ń gbà wọlé. Fún ẹ̀rọ 32-bit, ọ̀nà ti ń dí: Debian 13 tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2025 kò ní ètò ìfisórí fún un mọ́, Firefox 144 sì ni ìkẹyìn tó bá a lọ lórí Linux. Nítorí náà, tí ẹ bá ń lọ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ mú fláàṣì tí Tiny Core wà lórí rẹ̀ dání. Ẹ ní kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù jẹ́ kẹ́ ẹ fi tan ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ wá tẹ grep -w lm /proc/cpuinfo. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde, 64-bit ni. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó já owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.