Kí ilé tí ó ní kọ̀ǹpútà púpọ̀ tó ra ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì

Ní agboolé mìíràn ní Àjàṣẹ́ lónìí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kọ́ ni ó wà nílé mọ́. Bàbá ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní tiwọn, ìyá tí ń tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà tún ní méjì nínú yàrá iwájú. Bí gbogbo wọn bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ a falẹ̀, oníbàárà a sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a wá fi owó kún èyí tí wọ́n ń san lóṣooṣù. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ inú ilé gan-an ni ìdíwọ́ wà.

Àpótí kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní routeur, a máa fi ìgbì afẹ́fẹ́ ránṣẹ́: èyí ni Wi-Fi. Lórí ìgbì kan náà, àwọn ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀kan a sọ, àwọn yòókù a dúró de ìgbà tiwọn. Ogiri amọ̀ tí ó nípọn àti páànù a sì máa dí i lọ́nà. Ìgbì 2,4 GHz ń la ogiri kọjá ju ti 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n ti 5 GHz ni ó yára jù. Àpótí tí ó ní méjèèjì ni ó yẹ ní rírà. Eriali mẹ́fà tí ó nà jáde bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn kò fi hàn pé ẹ̀rọ dára.

Kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lórí tábìlì kò nílò Wi-Fi. Okùn ni kí a fi so ó mọ́ àpótí náà. Okùn tí a kọ Cat 5e sí lára lè dé 100 mítà, ogiri kò sì dí i lọ́wọ́. Bí ihò ẹ̀yìn àpótí kò bá tó, kí a ra switch oníhò 8. Kí ẹni tí ń rajà ka ara páálí rẹ̀: èyí tí a kọ 10/100 sí kò yára tó èyí tí a kọ 10/100/1000 sí.

Ẹ̀tàn wà nínú okùn. Òmíràn jẹ́ alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò. Ó pọ́n lójú, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń ṣẹ́. Bí a bá fi ọ̀bẹ ha á, tí inú rẹ̀ funfun, kí a dá a padà fún ọlọ́jà.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ a máa ba àpótí jẹ́, nítorí náà onduleur kékeré kì í ṣe ìnáwó asán. Àárín ilé, níbi gíga tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ni kí a gbé àpótí náà sí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí a yí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ padà, kí àlejò tí ó bá gbé e wò má baà mọ̀ ọ́n.